Ìbọn Ọlọ́wọ́ Òsì

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni irin náà ti wà lókè ààrò nínú ilé ìdáná ìyá bàbá mi ní Ìrẹsà. Ara rẹ̀ ni wọ́n ń so ẹran ìgbẹ́ kọ́ kí èéfín lè gbẹ ẹ́, ara rẹ̀ náà ni àgbàdo tí a ó gbìn lọ́dún tó ń bọ̀ máa ń wà. Kò sí ẹni tó pè é ní orúkọ mìíràn ju irin lọ. Bí wọ́n bá ní kí n lọ mú àgbàdo wá lára irin, mo ti mọ ibi tí wọ́n ń wí. Ìyá bàbá mi kú, ṣùgbọ́n ilé ìdáná náà kò gbà pé ọ̀rọ̀ kan òun. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí òjò fi bì í wó ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Èmi ni mo lọ kó àwọn páànù tó ṣì dára níbẹ̀, torí káfíńtà ni mí, káfíńtà kì í sì í fi páànù tó dára sílẹ̀ fún òjò. Nígbà tí mo fa irin náà yọ nínú amọ̀ ni mo rí i pé ihò wà lẹ́nu rẹ̀.

Agbọ́n ti fi amọ̀ kọ́lé dí ihò náà. Mo fi ìṣó tú u, mo gbé irin sókè, mo fi ojú kan wo inú rẹ̀, n kò rí ìmọ́lẹ̀ kankan. Mo bu iyanrìn àti omi, mo fi fọ ìdí rẹ̀ díẹ̀. Èéfín dúdú ọjọ́ pípẹ́ ń ṣí kúrò lára rẹ̀ bí èèpo iṣu sísun, mo sì rí i pé ìdí náà kò rí roboto, igun mẹ́jọ ló ní. Ọ̀pá ìbọn ni. Ọ̀pá ìbọn ṣakabùlà, irú èyí tí wọ́n ń ki ẹ̀tù sí láti ẹnu. Mo jókòó lórí ògiri tó wó, n kò sì tètè dìde, nítorí pé ọdẹ ni bàbá mi.

Ó yẹ kí n sọ ti bàbá mi níbí, kí ẹ má baà rò pé orí mi dàrú. Eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká nígbà tó bá àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Àbíjàn. Nígbà náà, bí ará ìlú wa bá ní òun ń lọ sí Àbíjàn, kò sẹ́ni tó ń lanu sí i. Ìdajì àdúgbò ti wà níbẹ̀, ìdajì tó kù wà ní Gánà. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń padà wá. Wọ́n á kó aṣọ dé, wọ́n á kọ́lé, wọ́n á máa fi Faransé bú àwọn ọmọ wọn. Bàbá mi kò padà. Lọ́dún kan, ọkùnrin kan tó ń ta obì dé láti ọ̀hún, ó ní òun rí i nínú ọjà kan, pé ó ti sanra. Gbogbo ohun tí a gbọ́ nípa rẹ̀ nìyẹn. Mo kórìíra ọ̀rọ̀ náà títí di òní. Kí ni wọ́n ń fún un jẹ tó fi lè sanra láìrí wa?

Ní ilé ìwé, àwọn ọmọ ẹlẹgbẹ́ mi ní ó sá fún wa ni. Mo ja ìjà lórí rẹ̀, wọ́n nà mí, mo na àwọn mìíràn. Ọdẹ àgbà kan wà ní Ìrẹsà tí òun àti bàbá mi jọ máa ń wọ igbó, òun ló pè mí lọ́jọ́ kan tí mo ń sunkún bọ̀ láti ilé ìwé. Ó ní, "Ọdẹ kì í fi ìbọn rẹ̀ sílẹ̀ sílé àfi tó bá ń padà bọ̀." Ó fẹ́ tù mí nínú ni. Kò mọ ohun tó fi kọ́ mi lọ́rùn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ìbọn bàbá mi. Mo wá a nínú àjà, mo wá a lẹ́yìn àká, mo wá a lábẹ́ ẹní ìyá mi. Bí mo bá rí i, a jẹ́ pé ó fẹ́ padà, nǹkan kan ló dí i lọ́nà. Bí n kò bá rí i, a jẹ́ pé ó ti mọ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé pé òun ń lọ pátápátá ni. Ọ̀rọ̀ ọmọdé ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, mo ti bí ọmọ, mo ti fa ọmọ fọ́kọ, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lára mi.

Mo máa ń bi ìyá mi nígbà náà pé níbo ni ìbọn bàbá wà. Ẹ̀kọ ló ń tà. Á ní kí n jẹ́ kí òun gbọ́ ti ẹ̀kọ òun kó má baà jóná.

Nítorí náà, ọjọ́ tí mo rí ọ̀pá yìí, mo gbàgbé páànù sílẹ̀. Mo gbé irin sẹ́yìn mọ́tò mi, ó di Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀dọ̀ mi ni ìyá mi ń gbé báyìí, nínú ilé tí mo kọ́ sí ẹ̀yìn Tákíè, kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tẹ́ irin náà síwájú rẹ̀.

Ó ní, "Irin orí ààrò ìyá ọkọ mi nìyí."

Mo ní, "Ọ̀pá ìbọn ni, Màmá. Ṣé ti bàbá ni?"

Ó wò ó títí. Ó gbé ojú sókè, ó wo èmi náà. "Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ kí wọ́n bá mi fi kan ìbọn."

"Lọ kàn án, kí n rí i."

Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé kò dá mi lóhùn. Èmi náà gbọ́ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Mo ti ka ìdáhùn rẹ̀ sí bẹ́ẹ̀ ni, mo sì ti ń ronú igi tí mo máa lò.

Mo kọ́kọ́ lọ gba ìwé àṣẹ ìbọn, torí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá kí mi láti àgọ́ ọlọ́pàá. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí wá alágbẹ̀dẹ. Àwọn tí mo mọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọkọ́ àti àdá ni wọ́n ń rọ. Bí mo bá dárúkọ ìbọn, wọ́n á ní kí n jọ̀ọ́. Ọ̀kan nínú wọn ló júwe bàbá arúgbó kan fún mi ní ìlú Ọ̀yọ́. Ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti gbà á rí ẹ mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ mi kan wà lórí ìdarí ọkọ̀, èkejì di irin náà mú lórí àga ẹ̀gbẹ́ mi kó má baà máa fò sókè ní gbogbo kòtò.

Abẹ́ igi máńgòrò ni bàbá náà ti ń ṣiṣẹ́. Bí iná bá wà, fáànù ló ń fẹ́ná sí èédú rẹ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ, á padà sí ẹwìrì, á sì máa bú ìjọba bó ti ń fẹ́ ẹ. Mo kí i kú iṣẹ́, mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, mo gbé irin lé e lọ́wọ́.

"Ta ló ni ín?"

"Bàbá mi ni, Bàbá."

"Ṣé o mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni, àbí o fẹ́ bẹ́ẹ̀?"

N kò fẹ́ràn ìbéèrè yẹn. Mo ní mo mọ̀. Kò bá mi jiyàn. Ó rẹ ìdí irin náà sínú kẹrosíìnì, ó ní kí n padà wá. Nígbà tí mo padà lọ, ó ti tú ìdí rẹ̀, ó ti fọ gbogbo ara rẹ̀, ó ń dán. Ó ní alágbẹ̀dẹ kọ̀ọ̀kan tó ń ṣe ìbọn láyé ọjọ́un ní àmì tó máa ń fi sára iṣẹ́ rẹ̀, àwọn òyìnbó náà máa ń kọ nǹkan sí tiwọn. Òun ti wá ara èyí láti òkè dé ilẹ̀, òun kò rí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ló gbé e kọjú sí oòrùn, ó ní kí n wo inú rẹ̀. Mo rí i. Àwọn ilà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ wà nínú irin náà, wọ́n ń yí lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti ìdí dé ẹnu.

Ó ní, "Àwa ń kọlà sójú. Òun, inú ló kọ tirẹ̀ sí. Bó bá kọ ọ́ sójú ni, à bá mọ ìlú rẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín, kò léyín púpọ̀ mọ́. "Páìpù omi ni èyí tó pọ̀ nínú ìbọn àwọn ọdẹ wa. Èyí kì í ṣe páìpù. Òkè òkun ló ti wá, kò sì sí ẹni tó lè sọ ọ̀nà tó gbà dé Ìrẹsà. Ṣé ọlọ́lá ni bàbá rẹ?"

Mo ní àgbẹ̀ ni, ó sì ń ṣọdẹ. Mo yára fi kún un pé ó lè jẹ́ pé ó rà á lọ́wọ́ ẹnì kan. Bàbá alágbẹ̀dẹ fi àkísà nu irin náà jẹ́jẹ́, ó gbé e sílẹ̀. Bí mo bá fẹ́ gbọ́ òótọ́ ni, mo ti rí i gbọ́ níbẹ̀, lábẹ́ igi máńgòrò yẹn. Mo kàn di etí mi ni.

Ọ̀rọ̀ tó sọ lẹ́yìn náà ló yí gbogbo nǹkan padà. Mo ní èmi ni n ó gbẹ́ igi ìdí ìbọn, kí òun mú iṣẹ́ irin. Ó ní ó dára, ṣùgbọ́n ta ni ó máa gbé e? Mo ní kò sẹ́ni tó máa gbé e, mo fẹ́ gbé e kọ́ sí pálọ̀ ni. Ó mi orí.

"A kì í gbẹ́ ìdí ìbọn fún ògiri. Ara ènìyàn la fi ń wọ̀n ọ́n. Láti kọ̀rọ̀ ìgbọ̀nwọ́ dé orí ìka tó máa fà á. Bó bá gùn jù, kò ní lè gbé e sójú. Bó bá kúrú, á gbá a lẹ́nu. O ní bàbá rẹ ló ni ín. Lọ mú apá bàbá rẹ wá fún mi."

Mo wakọ̀ padà sílé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí lórí. Apá bàbá mi. N kò mọ bí ó ṣe gùn tó. Ohun tí mo rántí nípa rẹ̀ kò kún àtẹ́lẹwọ́: òórùn ẹ̀tù lára ẹ̀wù rẹ̀, ohùn ikọ́ rẹ̀ láti yàrá kejì, bó ṣe gbé mi lé ọrùn tí mo sì rí òkè páànù ilé àwọn ènìyàn. Èmi tí mò ń wọn ilẹ̀kùn, tí mò ń wọn fèrèsé fún gbogbo ìlú, n kò lè wọn bàbá tó bí mi.

Mo ní pákó ọ̀gànwó kan nínú ṣọ́ọ̀bù, tó ṣẹ́ kù lára bẹ́ẹ̀dì kan tí mo kàn tipẹ́. Ó ti gbẹ débi pé bí o bá fi ìka lù ú, á dún. Mo là á, mo gbé e tọ ìyá mi lọ lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀gúsí ló ń ṣẹ́ nínú abọ́. Mo ṣàlàyé ohun tí bàbá alágbẹ̀dẹ wí. Mo ní bóyá kí n fi apá tèmi ṣe é.

Ó ní, "Apá tìrẹ kọ́ ni apá rẹ̀. Ìdílé tèmi lo jọ. Gbé e wá."

Ó ju èèpo ẹ̀gúsí nù lọ́wọ́, ó gba igi náà. Mo rò pé ó máa nà án lé apá ara rẹ̀, kó wá sọ pé ti bàbá mi gùn díẹ̀ sí i. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tú gèlè rẹ̀ lé ilẹ̀, ó gbé igi náà sí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, ó fi ìdí rẹ̀ ti etí, ó tẹ orí lé e bí ẹni fẹ́ sùn, ó sì di ojú.

"Orí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ni mo ń sùn sí," ó wí, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì. "Bí mo bá ti gbé orí lé e báyìí, á ká ọwọ́ rẹ̀ bọ̀ wá, orí ìka rẹ̀ á kan èjìká mi lódìkejì. Ibí yìí. Sàmì sí i."

Mo fa pẹ́ńsù yọ létí mi, mo sàmì sí ibi tí ìka rẹ̀ wà. Ìyá mi kò tíì sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí mi létí rí láti ọjọ́ tí a ti bí mi, kò sì sí nínú àṣà wa kí ìyá máa sọ bí òun ti ń sùn fún ọmọ. N kò mọ ibi tí mo lè kọjú sí. Òun la ojú, ó wé gèlè rẹ̀ padà, ó fa abọ́ ẹ̀gúsí mọ́ra.

Ó tún ní, "Sọ fún alágbẹ̀dẹ pé ọwọ́ òsì ni."

"Báwo?"

"Ọwọ́ òsì ni bàbá rẹ fi ń yìnbọn. Òun ló fi ń ro oko, òun ló fi ń ṣe gbogbo nǹkan, àfi oúnjẹ àti ìkíni. Ìyá rẹ̀ so ọwọ́ náà mọ́ ọn lára nígbà tó wà lọ́mọdé, kò gbọ́."

Mo wo ọwọ́ mi tó mú pẹ́ńsù. Òsì ni. Ní ilé kéwú, àáfà na ọwọ́ yìí títí ó fi wú, nítorí pé mo ń fi kọ wàláà. Ìyá mi wá bẹ̀ ẹ́ nígbà náà, ó kúnlẹ̀, ó ní kó jọ̀wọ́ kó jẹ́ kí ọmọ òun máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo rò pé àánú mi ló ṣe é. N kò mọ̀ pé ọwọ́ ẹlòmíràn ló ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Ìyá mi kò dákẹ́ mọ́ lọ́jọ́ náà. Ó sọ bí bàbá mi ṣe máa ń fẹ́ omi gbígbóná láti fi wẹ̀, nínú ẹ̀ẹ̀rùn pàápàá. Ó sọ bó ṣe ń bẹ̀rù aláǹgbá, ọdẹ tó ń pa ẹfọ̀n, bí aláǹgbá bá já lulẹ̀ láti àjà, orí àpótí ni wọ́n á ti bá a. Ó fi bí ó ṣe ń rìn hàn mí, ó dìde dúró fi hàn mí, pẹ̀lú orúnkún tí kì í jẹ́ kó dìde kírun. A rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi pe ìrun Alásárì.

Nígbà tí mo dé Ọ̀yọ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì, bàbá alágbẹ̀dẹ ti rọ òòlù kékeré tó ń lu iná sí ẹ̀tù, ó ti ṣe é sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ó wò mí.

"Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ kì í jẹ́ kí iṣẹ́ rọrùn fún ẹnikẹ́ni."

Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ ọ́n ni."

Ó mú òòlù kékeré náà, ó jù ú sínú iná.

Iṣẹ́ náà pẹ́. Kì í ṣe pé ó le ju ẹ̀mí wa lọ, ṣùgbọ́n igi àti irin kì í yára gba ara wọn. Bàbá náà kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é: n ó pa èédú lílọ̀ àti epo mọ́ ara irin, n ó tẹ̀ ẹ́ sínú igi, n ó yọ ọ́, ibi tí dúdú bá lẹ̀ mọ́ ni igi ti ga jù, ibẹ̀ ni n ó fá díẹ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́, mo tún yọ ọ́, mo tún fá. Lọ́sàn-án n ó kan àga àti kọ́bọ́ọ̀dù fún àwọn tó ń yọ mí lẹ́nu, nírọ̀lẹ́ n ó gbé igi ìbọn lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá mi, níbi tí mo ti ń fi sáńpépà fá a lójú rẹ̀. Á gbà á lọ́wọ́ mi, á fi ọwọ́ pa á lára. "Ó sanra jù níbí. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ni." N ó gbà á padà, n ó fá a. Á tún gbà á. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo rí tìróò lójú rẹ̀. Mo rò nínú ara mi pé ìbọn ọkọ rẹ̀ tó padà wálé ló ń mú inú rẹ̀ dùn, èmi náà sì ń yọ̀ pé ó fẹ́ padà, pé kò sá fún wa. Mo lọ ra awọ ìgbékọ́ ní Sábó, èyí tó pupa, torí ó ní pupa ni bàbá mi fẹ́ràn.

Ọjọ́ tí a máa dán an wò, ìyá mi ní òun ń bá mi lọ. Mo ní ọ̀nà kò dára fún ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ti wà nínú mọ́tò kí n tó parí ọ̀rọ̀.

Oko bàbá alágbẹ̀dẹ ni a lọ, lẹ́yìn ìlú Ọ̀yọ́, níbi tí kò sí ilé. Ó so ìbọn náà mọ́ gbòǹgbò igi, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ọ̀pá àtijọ́ lè ṣe. Ó lè fọ́ mọ́ ènìyàn lójú. Ó so okùn gígùn mọ́ ibi tí ìka ń fà, ó ní kí gbogbo wa lọ dúró sẹ́yìn òkìtì ọ̀gán. Ìyá mi dúró láàárín wa, ó di apá mi mú. Bàbá náà ṣe bisimilahi, ó fa okùn.

Ó dún. Àwọn ẹyẹ fò sókè, èéfín funfun bo ìdí igi náà, mo sì gbọ́ òórùn ẹ̀wù bàbá mi. N kò mọ ìgbà tí omi já lójú mi. Nígbà tí èéfín ká, ìbọn wà níbẹ̀ ní odidi. Bàbá alágbẹ̀dẹ lọ tú u, ó wo gbogbo ara rẹ̀, ó ní, "Alihamudulilai. Ẹni yòówù tó rọ ọ́, kò fi ṣeré." Ó gbé e fún mi. Mo gbé e sí èjìká òsì, kò bá mi mu, ó gùn jù mí lọ. Mo gbé e fún ìyá mi. Ó fi igi náà ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó sì dá a padà.

A ti ń padà bọ̀ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ìbọn wà lórí àga ẹ̀yìn nínú aṣọ. Mò ń sọ̀rọ̀, inú mi dùn. Mo ní n ó gbé e kọ́ sí pálọ̀, kí gbogbo ẹni tó bá wọlé rí i pé bàbá mi kò gbé ìbọn rẹ̀ lọ.

Ìyá mi ní, "Kì í ṣe tirẹ̀."

"Kí ni?"

"Irin yẹn. Mo bá a lórí ààrò ìyá ọkọ mi lọ́jọ́ tí mo wọlé ọkọ. Ìbọn bàbá rẹ, páìpù omi ni. Ó gbé e lọ. Èmi ni mo bá a fi aṣọ mi wé e, a sì ká a sínú ẹní kí àwọn aṣọ́bodè má baà rí i."

Mo yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Tírélà kan kọjá, ó mi mọ́tò wa. Inú bí mi débi pé n kò lè wo ojú rẹ̀.

"Màmá, ẹ mọ̀ láti ọjọ́ tí mo gbé e délé."

"Mo mọ̀."

"Láti kékeré ni mo ti ń bi yín. Ẹ ò dá mi lóhùn rí."

"Ìbọn lo máa ń béèrè," ó wí. "O ò béèrè bàbá rẹ fúnra rẹ̀ rí. Kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀. Bí mo bá dárúkọ rẹ̀, wọ́n á ní kí n mú sùúrù, wọ́n á yí ọ̀rọ̀ padà, bí ẹni pé mo ṣubú láwùjọ. Ìgbà tí o gbé igi wá, tí o ní báwo ni apá rẹ̀ ṣe gùn tó, mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ́ díẹ̀ láàárín wa. Ìdí nìyẹn."

Mo ní, "A jẹ́ pé ó mọ̀ pé òun ò ní padà. Ó gbé ìbọn rẹ̀ lọ."

"Wọ́n ní wọ́n ń wá ẹni tó máa ṣọ́ ọjà lọ́hùn-ún, ó sì ní láti ní ìbọn. Iṣẹ́ ló gbé e lọ fún. Bóyá ó fẹ́ padà, bóyá kò fẹ́, mi ò mọ̀. Ìbọn kọ́ ló máa sọ ọ́."

"Ẹ sì ń dúró dè é láti gbogbo ọdún wọ̀nyí?"

Ó yí ojú sí mi. Tìróò wà níbẹ̀, ó ti rá díẹ̀.

"Ta ló sọ fún ọ pé mò ń dúró dè é? Àárò rẹ̀ ló ń sọ mí."

Mo ní àárò rẹ̀ ń sọ èmi náà. N kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí láyé mi.

Ó ní, "Mo mọ̀. Wakọ̀ ká máa lọ, ìrun Àìlà ń lọ." Bí mo ṣe tan mọ́tò, ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ fún mi nípa ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí bàbá mi lójú ọ̀nà odò ní Ìrẹsà, mo sì rọra ń wakọ̀ kí ọ̀nà má baà tètè parí.